Ilé ìdáná ilé àtijọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Bódìjà: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Onílé Tuntun

Mo kí gbogbo ilé o. Lẹ́yìn ọdún 14 tí èmi àti ìyàwó mi ti ń san owó ilé fún onílé, Ọlọ́run jẹ́ kí a ra ilé kan ní Old Bódìjà, n'Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àdúgbò tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn yàrá àti pálọ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ilé ìdáná ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ó gùn tó mítà 3 àti ààbọ̀, ó sì fẹ̀ tó mítà 2.7. Pẹpẹ kọ̀ǹkéré kan wà lára ògiri tí ojú rẹ̀ ti ṣí, fèrèsé lúfà rẹ̀ ti pàdánù gíláàsì mẹ́ta, àjà rẹ̀ jẹ́ pátákó eérú àtijọ́ tí omi ti ya àwòrán sí, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tẹràsó tí èéfín ti sọ di dúdú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ irú èyí tí ihò rẹ̀ rí róbótó tí àwọn òbí wa lò. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ máa ń pupa bí omi àgbo kí ó tó mọ́.

Káfíńtà kan ti wá wọn ibẹ̀. Ó fi àwòrán kábínẹ́ẹ̀tì tó ń dán gbinrin hàn wá lórí fóònù, ó sì ní kí n san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ kí òun lè lọ ra pákó. Ìyàwó mi ń fẹ́ kí a wó ògiri tó wà láàárín ilé ìdáná àti ibi ìjẹun. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀ kò ju ₦4,500,000 lọ. N kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí láyé mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí sì ni kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Bíríkìlà Àgbà

Àbúrò mi, o kú oríire. Ilé á tura o.

Má tíì san kọ́bọ̀ fún káfíńtà. Kì í ṣe pé mo ní wọn sínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ilé ìdáná, bí o bá sì fi èyí tó gbẹ̀yìn ṣáájú, wàá tún tú u palẹ̀ kí pọ́ńbà tó lè rí ibi tí páìpù gbà. Kọ́kọ́ kó ohun tó bàjẹ́ kúrò, wo inú ògiri àti abẹ́ ilẹ̀, jẹ́ kí pọ́ńbà àti oníná gbẹ́ ojú ọ̀nà tiwọn, lẹ́yìn náà kí a rẹ́ ògiri, kí ó gbẹ dáadáa, kí a tẹ́ táìsì, kí káfíńtà tó wá wọn nǹkan tirẹ̀. Ìwọ̀n tó wọ̀n lọ́jọ́sí ti di àlòpatì ní kété tí a bá rẹ́ ògiri, nítorí símẹ́ǹtì àti táìsì lè gba sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì ní wọlé mọ́.

Ọ̀rọ̀ ògiri tí aya rẹ fẹ́ kí ẹ wó ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Nínú ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àtijọ́, òpó kọ̀ǹkéré kì í pọ̀. Ògiri fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé òrùlé. Gun inú àjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí o wò bóyá igi òrùlé jókòó lé ògiri náà tàbí ó kàn gba òkè rẹ̀ kọjá. Bí ó bá jókòó lé e, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù sí i àyàfi tí ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ bá ti wò ó, tí ó sì ti sọ irú líńtẹ́ẹ̀lì (kọ̀ǹkéré onírin tó ń gbé ohun tó wà lókè ojú ihò) tí ẹ máa dà sórí rẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ pé bùlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 nìkan ló ń gbé nǹkan. Irọ́ ni. Mo ti rí ínǹṣì 6 tó gbé òrùlé rí, nítorí náà inú àjà ni ẹ̀rí wà, kì í ṣe ẹnu ènìyàn. Bó bá jẹ́ èmi ni, ojú fèrèsé ńlá kan ni máa lù sára ògiri náà, ibi tí a ti lè na abọ́ sí tábìlì ìjẹun, tí mo sì máa da líńtẹ́ẹ̀lì sórí rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kéré jìnnà sí ti wíwó gbogbo ògiri, òórùn ata díndín kò sì ní máa sùn lórí àga pálọ̀ yín.

Nǹkan kan tún kù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìbúgbàù ńlá yẹn ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì fara gbá a. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí ilé àdúgbò yẹn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà kí wọ́n tó tà á. Yẹ igun fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà wò. Níbi tí o bá ti rí i pé ògiri lanu, fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kọ ọjọ́ sí i, kí o tún padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá ti kọjá ìlà pẹ́ńsù, ẹnjiníà ló kàn, kì í ṣe èmi.

Ìyá Alásè

Oríire, ọmọ mi. Pe ìyàwó rẹ wá ka èyí, bó bá sì jẹ́ ìwọ lo ń dáná nínú ilé, kí o jókòó kí o kà á dáadáa.

Ẹ máa dáná nínú ilé ìdáná yẹn bó ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó fọ́ ohunkóhun. Ẹ ó rí ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń jó yín lójú, ibi tí ẹ máa ń wá ọ̀bẹ sí tí kò sí, àti ibi tí ìgò epo ń gbé dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe àyè fún epo nígbà tí iṣẹ́ bá yá.

Káfíńtà á sọ fún yín pé gíga pẹpẹ ilé ìdáná jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, òótọ́ sì ni pé ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbi púpọ̀ nìyẹn. Ó dára fún gígé ẹ̀fọ́ àti fífọ abọ́. Ṣùgbọ́n gbé sítóòfù lé orí rẹ̀, gbé ìkòkò àmàlà lé sítóòfù, ẹnu ìkòkò á wá bá ọ ní àyà. Ibo lo ti fẹ́ rí agbára fi ro ó? Ẹni tó ń rokà gbọ́dọ̀ lè fi èjìká tẹ orógùn sísàlẹ̀. Nínú ilé ìdáná tèmi, mo ní kí wọ́n sọ ibi tí iná wà kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 68, ìyókù pẹpẹ sì wà ní 88 nítorí pé èmi kò ga. Bíríkìlà tó ṣe é rò pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́, títí ó fi jẹ àmàlà tí mo rò níbẹ̀. Kí ìyàwó rẹ dúró ṣánṣán, kí ó ká apá rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀. Kí pẹpẹ tí ẹ ó máa gé nǹkan lé fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 rẹlẹ̀ sí i.

Iyán ńkọ́? Ẹ má ṣe gbé odó lé orí táìsì láéláé, nítorí bí odó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo fọ́ méjì nínú wọn, ẹ kò ní rí irú àwọ̀ yẹn rà mọ́ lọ́jà. Ẹ da kọ̀ǹkéré tó nípọn sí ojú kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ fi páànù bo orí rẹ̀, kí odó àti àdògán máa gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òun ò ní fi igi dáná mọ́ kò tíì ṣe ìkómọ nínú ilé ara rẹ̀.

Fèrèsé lúfà yẹn, ẹ má yára yọ ọ́ dànù. Èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń ṣe báyìí, ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣe irú èyí tó ń ṣí síta pátápátá.

Oníná Àdúgbò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ihò róbótó tí ẹ sọ yẹn ló sọ ohun gbogbo fún mi. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bá ṣì wà lára ògiri, ó ṣeé ṣe kí wáyà àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, rọ́bà ara irú wáyà bẹ́ẹ̀ a sì máa gbẹ, a máa fọ́ bí èèpo ẹ̀pà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ọn. Kí wọ́n fa wáyà tuntun láti ojú bọ́ọ̀dù iná títí dé ilé ìdáná.

Iná tiwa jẹ́ fóltì 230. Kẹ́tùlù oníwáàtì 3000 ń fa nǹkan bí ámpì 13, ìyẹn ni pé òun nìkan ti jẹ gbogbo ohun tí púlọ́ọ̀gì kan lè gbà. Ẹ tún wá fi ààrò máíkírówéfù àti ẹ̀rọ ìlọta sórí wáyà kan náà, ó máa gbóná nínú ògiri níbi tí ojú kò tó o. Ẹ lo wáyà kọ́pà mìlímítà 2.5 fún àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ sì fa mìlímítà 6 lọ́tọ̀ fún sítóòfù oníná bí ẹ bá máa lò ó, kí ó ní bréékà tirẹ̀. Ẹ bi oníná yín léèrè ibi tí wáyà ilẹ̀ (earth) wà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà kò pọ̀ jù, kí wọ́n wà lókè pẹpẹ, kí wọ́n jìnnà sí sínńkì, kí ọ̀kankan má sì sí lẹ́yìn sítóòfù.

Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra ínfátà lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya gílóòbù àti fìríìjì sọ́tọ̀ kúrò lára kẹ́tùlù láti ìsinsìnyí, nítorí pé owó kékeré ló máa gbà nígbà tí ògiri ṣì wà ní gbígbẹ́. Ní ti sítóòfù oníná fúnra rẹ̀, láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná fún wákàtí tó pọ̀ jù lójúmọ́) ga, mi ò rí ẹni tó fi í ṣe sítóòfù kan ṣoṣo tó ní nínú ilé tí kò kábàámọ̀.

Olùtajà Gáàsì

Kí sílíńdà má gbé inú ilé ìdáná. Gáàsì tí a fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rìn sí, á máa wá kòtò tàbí abẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì tí yóò sá pamọ́ sí títí ẹnìkan yóò fi ṣáná. Ẹ kọ́ ilé kékeré onírin sí ìta fún sílíńdà 12.5 kg, kí ó ní òrùlé, kí afẹ́fẹ́ máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, kí ó má sì sí nítòsí gọ́tà tàbí ẹnu sọ́kàwéè. Kí páìpù kọ́pà gba ara ògiri wọlé, kí kọ́ọ̀kì tí a fi ń tì í wà níbi tí ọwọ́ lè tó láìna ọwọ́ kọjá lórí iná. Omi ọṣẹ ni ẹ fi yẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn kan ti ń ṣe.

Pọ́ńbà Ọ̀gbà

Omi pupa yẹn jẹ́ ìpẹtà. Páìpù irin àtijọ́ a máa pẹtà láti inú, ihò rẹ̀ á sì máa dín kù lọ́dọọdún títí omi á fi máa sẹ́ bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ apá kan, apá tó kù á jò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì iṣẹ́ máa ń tú ìpẹtà tó dí ojú ihò rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo èyí tó wọ ilé ìdáná pátápátá láti ẹnu táǹkì.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ omi tó gùn lọ́rùn tó wá láti òkè òkun, ẹ wọn gíga táǹkì yín. Táǹkì tó fi mítà 5 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ kò lè fún un ní ju ìdajì bar (ìwọ̀n agbára tí omi fi ń tì jáde) lọ, òmíràn nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn sì ń fẹ́ bar kan kí ó tó lè tú omi jáde dáadáa.

Omi ìfọ́bọ́ ní tirẹ̀, ẹ má ṣe darí rẹ̀ sínú sálángá ìgbọ̀nsẹ̀. Epo pupa àti ọ̀rá ẹran á dì nínú páìpù nígbà ọyẹ́, nítorí náà ẹ lo páìpù ínǹṣì 2, kí ẹ sì gbẹ́ àpótí kékeré kan síta tí ọ̀rá á ti léfòó kí omi tó kọjá sí sọ́kàwéè. Ẹ máa ṣí i kó ọ̀rá rẹ̀ lóṣooṣù. Iṣẹ́ yẹn kò dùn ún ṣe, mi ò ní parọ́.

Ará Thamesmead

Ẹ kú àtijọ́ o. London ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n mo ń bójú tó ilé àwọn òbí mi ní Ìbàdàn láti ìhín, ọ̀rọ̀ àjà yín ló sì mú mi dá sí i. Pátákó eérú ti àwọn ọdún wọ̀nyẹn sábà máa ń ní asbestos (òkúta onífọ́nrán wẹ́wẹ́) nínú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọdún 1999 ni wọ́n fòfin de lílò rẹ̀ pátápátá, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ ni ewu; bí ó bá wà lójú kan tí kò fọ́, kì í pani lára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fi ayùn gé e tàbí kí ó fi òòlù fọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, bí gbogbo wọn ti fẹ́ràn láti ṣe. Bí ó bá ṣì le, ẹ lè kàn àjà tuntun sí abẹ́ rẹ̀, lórí férémù tí ẹ so mọ́ ògiri. Bí ó bá di dandan láti yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín dáadáa, kí ẹ tú ìṣó rẹ̀ kí pátákó náà bọ́ lódindi, kí àwọn tó ń ṣe é lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá onípele méjì, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú yẹn ńkọ́? Ẹ tẹ́ táìsì 60 × 60 lé e, ó tán.

Bíríkìlà Àgbà

Kò tán o. Tẹràsó yẹn ju táìsì rẹ lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ inú símẹ́ǹtì ni, èéfín kò sì lè wọnú rẹ̀ jìnnà. Kí onílé pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ilẹ̀, kí wọ́n lọ ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n dí ibi tó là, kí wọ́n sì dán an. Kí ó kó owó táìsì ilẹ̀ lọ sára ògiri tó wà lẹ́yìn iná, kí ó tẹ́ ẹ dé àjà, nítorí pé epo tí à ń dín nǹkan máa ń fò ju bí a ti rò lọ.

Káfíńtà Kan

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí wa, n kò bínú. Bàbá Bíríkìlà sọ òótọ́ pé àwa ló máa ń gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìdá 70 tí wọ́n bèèrè kì í ṣe olè ní gbogbo ìgbà. Iye pákó lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a kò sì ní owó tí a máa fi ra á sílẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí onílé tẹ̀ lé káfíńtà lọ sọ́jà, kí ó ra pákó fúnra rẹ̀, kí ó sì san owó iṣẹ́ ní ìgbà mẹ́ta.

Ẹ má ra MDF (pátákó tí a fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀) fún abẹ́ sínńkì, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ọjọ́ tí omi bá kàn án ló máa wú bí búrẹ́dì inú tíì. Máríìnì bọ́ọ̀dù, pátákó tí omi kì í tètè bà jẹ́, ni kí ẹ lò níbẹ̀. Bí pẹpẹ kọ̀ǹkéré yẹn bá ṣì le, ẹ má fọ́ ọ rárá. Ikán kò lè jẹ kọ̀ǹkéré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gíránáìtì tàbí táìsì bo ojú rẹ̀, kí káfíńtà wá ṣe férémù àti ilẹ̀kùn nìkan sí iwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ń gé owó ara mi nìyẹn.

Onílé Tuntun (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 14)

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A gun inú àjà, igi òrùlé sì jókòó lé ògiri náà gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti sọ. Ẹnjiníà wá, a kò wó o. Ojú fèrèsé sẹ̀ǹtímítà 120 ní fífẹ̀ ni a lù, a sì da líńtẹ́ẹ̀lì sórí rẹ̀. Ìyàwó mi kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n ó ti ń pe ibẹ̀ ní bùkátéríà òun báyìí. Nígbà tí wọ́n ṣí ògiri ẹ̀yìn sínńkì, páìpù kan ti ń jò síbẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, bùlọ́ọ̀kù mẹ́rin ìsàlẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán lè họ ọ́. Bí mo bá ti kan kábínẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ ọn, ó máa wó lulẹ̀ pẹ̀lú abọ́ inú rẹ̀.

Omi àti iná tí mo fi ₦600,000 sí lọ́kàn gba ₦1,720,000. Nítorí náà kò sí kábínẹ́ẹ̀tì òkè fún ìsinsìnyí. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni a kàn mọ́ ògiri. Pẹpẹ kọ̀ǹkéré ṣì wà, ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀ jẹ́ máríìnì bọ́ọ̀dù, a sì kàn àjà tuntun sí abẹ́ ti àtijọ́ láìfọwọ́ kan án. Tẹràsó náà, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀: àwọ̀ ewé àti funfun ló wà lábẹ́ èéfín yẹn.

Àṣìṣe tèmi ni táìsì ògiri. Mo sáré ra páálí 14 ti 30 × 60 kí a tó lu ojú fèrèsé tuntun, páálí kọ̀ọ̀kan sì ń bo mítà 1.44 níbùú lóròó. N kò yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò nínú ìṣirò mi. Páálí mẹ́rin ló ṣẹ́kù, ẹni tó tà á fún mi kò sì gbà á padà. Bí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn bá ń fẹ́ ẹ, ó wà nílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Dúróò kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn kò lè ṣí tán nítorí ọwọ́ ilẹ̀kùn ń dí i lọ́nà. Káfíńtà ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, èyí tó jẹ́ Sátidé kẹta tó ń dá. Ìyá Alásè, ìyàwó mi ní kí n kí yín. Sẹ̀ǹtímítà 70 ni a sọ ibi iná kalẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dáná níbẹ̀, ó gbé omi àmàlà kaná, ó na orógùn sí mi, ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ pé ó rẹlẹ̀ tó báyìí, kò sí àwáwí mọ́, kí n bọ́ síwájú.